Ọgbẹ́ Ìgbà Èwe Tí Kò Jinná: Kí A Tó Pe Ènìyàn Ní Oníwà Burúkú

 Ọ̀rọ̀ ibà àti ọ̀rọ̀ ìgbẹ́ gbuuru ni a ti ń bá bọ̀ ní ojú ewé yìí láti ọjọ́ mélòó kan, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ ti ọ̀sẹ̀ yìí yàtọ̀. Ọgbẹ́ kan wà tí a kì í fi omi iyọ̀ wẹ̀, tí a kì í dì ní báńdéèjì, tí ó sì lè wà lára ènìyàn fún ogún ọdún tàbí ọgbọ̀n ọdún kí ẹnikẹ́ni tó mọ̀ pé ó wà níbẹ̀. Ọgbẹ́ tí a dá sí ọkàn ọmọdé ni mò ń wí. Kí n tó máa kọ́ ẹlòmíràn, ó yẹ kí n kọ́kọ́ jẹ́wọ́ àṣìṣe tèmi.

Obìnrin kan wà tí ó máa ń wá sí dìsìpẹ́ńsárì tí mo ti ń ṣiṣẹ́ ní ìhà ààlà wa yìí, ní agbègbè Tube. Mo ti yí díẹ̀ nínú ọ̀rọ̀ rẹ̀ padà kí ẹnikẹ́ni má baà dá a mọ̀, òun fúnra rẹ̀ ni ó sì ní kí n kọ ọ́. Yóò tó ẹni ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n nígbà náà. Ẹjọ́ kan náà ni ó máa ń rò fún wa nígbà gbogbo: ọdẹ orí. Ó ní nǹkan ń rìn nínú orí òun bí èèrà, etí òun ń hó, àyà òun ń já, òun kì í sì í rí oorun sùn títí àkùkọ yóò fi kọ. A fún un ní Panadol. A fún un ní oògùn ibà. Wọ́n yẹ ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ wò níbì kan, wọ́n ní taifọ́ọ̀dù ni, ó sì gba abẹ́rẹ́ taifọ́ọ̀dù. Bí ọ̀sẹ̀ mẹ́ta bá kọjá, ẹ ó tún bá a lórí bẹ́ǹṣì.

Ní ọjọ́ kan tí èrò pọ̀, ọ̀kan nínú àwọn nọ́ọ̀sì kékeré gba ẹ̀yìn rẹ̀ wá, ó fi ọwọ́ kàn án ní èjìká láti sọ fún un pé ó ti kàn án. Kí a tó ṣẹ́jú, obìnrin yìí ti fò dìde, ó ti gbá ọmọ náà létí, ó sì ń gbọ̀n bí ẹni tí òtútù mú. Gbogbo èrò pariwo. Èmi ni mo lé e jáde. Láti ọjọ́ náà ni a ti ń pè é ní "Ìyá Oníjà", èmi ni mo sì kọ́kọ́ fi orúkọ náà pè é. Àwọn ará àdúgbò rẹ̀ ti sọ ọ́ lórúkọ tiwọn ṣáájú wa. Aya burúkú ni wọ́n ń pè é, nítorí pé ó ti kọ ọkọ kan, ó sì ti kó ẹrù jáde nílé ọkọ kejì nígbà mẹ́ta, tí ó tún ń padà.

Ó tó ọdún kan ààbọ̀ kí n tó bi í ní ìbéèrè tí ó yẹ kí n ti bi í ní ọjọ́ kìíní. Òjò ni ó há àwa méjèèjì mọ́ inú yàrá oògùn ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan. Mo ní, "Ìyàwó, ta ni ó tọ́ ọ dàgbà?" Ó wojú mi títí, ó ní, "Kò sí ẹni tí ó tọ́ mi, mà. Mo kàn dàgbà ni."

Bí ọ̀rọ̀ ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Ìyá rẹ̀ kú nígbà tí ó wà ní ọmọ ọdún méje. Ìbátan kan mú un lọ fún obìnrin olóúnjẹ kan ní ìlú ńlá pé kí ó máa bá a ṣiṣẹ́, kí obìnrin náà sì fi í sí ilé ìwé. Kò rí ilé ìwé kankan. Kí ilẹ̀ tó mọ́ ni ó ti gbọ́dọ̀ wà nídìí iná, bí oorun bá sì gbé e lọ, wáyà iná ni yóò jí i, láti ẹ̀yìn, láìsọ̀rọ̀. Wọ́n fi ata sí i lójú nígbà tí ó fọ́ àwo. Ọdún mẹ́fà ni ó lò níbẹ̀. Ó ní àwọn òru kan wà tí òun kò ní sọ̀rọ̀ nípa wọn. Èmi náà kò bi í.

Nígbà tí mo délé ní alẹ́ ọjọ́ náà, ọwọ́ tí nọ́ọ̀sì kékeré gbé lé e léjìká láti ẹ̀yìn ni mo ń rò.

Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé bí nǹkan yìí ṣe ń ṣiṣẹ́. Àwọn àgbà tí ó sọ àìsàn náà ní ọdẹ orí mọ ohun tí wọ́n ń wí, bóyá ju bí wọ́n ṣe rò lọ, nítorí pé Ẹlẹ́dàá fi ọdẹ kan ṣọ́ inú ọpọlọ olúkúlùkù wa. Bí ejò bá yọ lójú ọ̀nà oko, kí ẹ tó mọ̀ pé ejò ni, ọdẹ yìí ti fọn fèrè. Àyà ti ń lù kìkì, ẹ̀jẹ̀ ti sáré lọ sí ẹsẹ̀, ojú ti là, ẹ ti fò sẹ́yìn. Bí ejò bá lọ, ọdẹ a jókòó, àyà a sì rọ̀. Iṣẹ́ rere ni ọdẹ náà ń ṣe. Ṣùgbọ́n ní ilé tí ejò kì í ti í lọ, tí ó jẹ́ pé ẹni tí ń bu oúnjẹ fún ọmọ ni ejò náà, ọdẹ yìí kò rí ààyè jókòó rárá. Ó dúró lórí ẹsẹ̀ fún ọdún mẹ́fà. Nígbà tí ewu sì kọjá tán, kò sí ẹni tí ó sọ fún un pé iṣẹ́ ti parí. Ẹni tí ejò bá ti bù jẹ rí, bí ó rí ekòló yóò sá. Ọ̀rọ̀ ara ni, kì í ṣe ọ̀rọ̀ ojo.

Ohun kejì ni ti ìrántí. Bí ẹ bá rántí ọjọ́ tí ẹ ṣubú lórí kẹ̀kẹ́ nígbà tí ẹ wà ní ọmọdé, ẹ mọ̀ pé ìtàn ni, ẹ tilẹ̀ lè fi rẹ́rìn-ín. Ìrántí ti ọgbẹ́ tí mò ń wí yìí kì í di ìtàn. Bí ohun kékeré kan bá tọ́ ọ, ìbáà ṣe òórùn ata tàbí ohùn obìnrin tí ń jágbe, ẹni náà kì í rántí lásán. Lójú rẹ̀, ó ń ṣẹlẹ̀ lọ́wọ́ ni. Obìnrin wa yìí máa ń gbọ́ ohùn ọ̀gá rẹ̀ àtijọ́ tí ó ń pè é pé kí ó dìde, ní aago mẹ́rin òru, ó sì máa ń dìde.

Ohùn yìí ni ó kó bá a. Nígbà tí àwọn ẹbí kọ́kọ́ mú un lọ sí ilé ìwòsàn ní ìlú kan tí n kò ní dárúkọ, ó sọ pé òun ń gbọ́ ohùn. Dókítà tí ó rí i fún ìwọ̀n ìṣẹ́jú díẹ̀ kọ ọ́ pé schizophrenia ni, èyí tí gbogbo ayé mọ̀ sí wèrè, ó sì bẹ̀rẹ̀ oògùn tí ó mú kí ó máa sùn lójú oorun àti lójú ayé. Ọdún méjì lẹ́yìn náà, ní ibòmíràn, wọ́n rí i pé orí rẹ̀ pé, wọ́n sì kọ ọ́ pé borderline personality disorder ni, ìyẹn àìsàn tí ó jẹ mọ́ bí ìwà àti ìṣesí ènìyàn ṣe dàgbà. Nígbà tí ó yá, dókítà kẹta jókòó tì í fún wákàtí kan ó lé, ó bi í bí ìgbà èwe rẹ̀ ṣe rí, ó sì kọ complex PTSD. Káàdì mẹ́ta, orúkọ mẹ́ta. Ọkọ rẹ̀ kó wọn wá bá mi, ó tẹ́ wọn sórí tábìlì, ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, èwo nínú wọn ni ó ń purọ́?"

Mo mọ̀ pé ọ̀pọ̀ òǹkàwé ni ó ti bi ara rẹ̀ ní irú ìbéèrè yìí nípa ará ilé rẹ̀. Ìdí nìyí tí mo fi fẹ́ lò tó àkókò díẹ̀ lórí ọ̀rọ̀ orúkọ àìsàn.

Bí ibà bá mú ni, a lè fi ẹ̀rọ wo kòkòrò rẹ̀ nínú ẹ̀jẹ̀. Kò sí ẹ̀jẹ̀ tí a lè fà, kò sì sí fọ́tò tí a lè yà tí yóò fi àìsàn ọkàn irú èyí hàn. Ohun tí aláìsàn sọ, ohun tí ará ilé rí, àti ohun tí dókítà bá ní sùúrù láti béèrè, àwọn ni àyẹ̀wò rẹ̀. Bí ìbéèrè bá kúrú, orúkọ yóò ṣì.

Àwọn orúkọ wọ̀nyí pẹ̀lú ní ọjọ́ orí tiwọn. Lórí àwọn sójà ni ayé ti kọ́kọ́ fi ojú sí ọgbẹ́ ọkàn. Ní ìpínlẹ̀ wa níhìn-ín, nígbà tí wọ́n ṣí ibùdó Lantoro ní Abẹ́òkúta ní 1944, àwọn sójà tí ogun àgbáyé kejì ti da ọkàn wọn rú wà lára àwọn tí wọ́n kọ́kọ́ gbà síbẹ̀. Láti ibẹ̀ ni ilé ìwòsàn Aro ti jáde. Ṣùgbọ́n ó di 1980, lẹ́yìn ogun Vietnam, kí àwọn dókítà Amẹ́ríkà tó fi orúkọ náà PTSD sínú ìwé àìsàn wọn. Ẹni tí ó ti dàgbà, tí ibi kan ṣoṣo bá, ni wọ́n ní lọ́kàn: ogun, ìjàǹbá mọ́tò, ìdigunjalè. Ní 1992 ni dókítà obìnrin kan, Judith Herman, kọ ìwé tí ó fi sọ pé ẹni tí a fi ìyà jẹ léraléra, tí kò sì rí ọ̀nà sá lọ, pàápàá láti kékeré, ní àìsàn tí ó ju ti sójà lọ, ó sì pè é ní complex PTSD. Ó pẹ́ kí ayé tó gbọ́. Àjọ Ìlera Àgbáyé fọwọ́ sí orúkọ náà ní 2019, ó sì bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ nínú ìwé wọn tí ń jẹ́ ICD-11 ní ọjọ́ kìíní oṣù kìíní 2022. Ìwé ti àwọn ará Amẹ́ríkà, DSM, kò tíì yà á sọ́tọ̀ títí di òní. Nítorí náà, dókítà méjì lè jẹ́ olóòótọ́ ènìyàn, kí ó jẹ́ pé ìwé méjì ni wọ́n ń kà.

Kí ni wọ́n ní kí a máa wò? Nínú PTSD gbogbo, ohun búburú náà ń padà wá bí ẹni pé ó ń ṣẹlẹ̀ lọ́wọ́, lójú àlá tàbí lójú ayé. Ẹni náà ń sá fún ohun gbogbo tí ó lè rán an létí. Ara rẹ̀ kì í sì í balẹ̀, ìró ilẹ̀kùn lásán yóò mú un fò. Bí ó bá jẹ́ complex PTSD, àwọn nǹkan mìíràn tún kún un. Ìbínú tàbí ẹkún a máa ju agbára rẹ̀ lọ, tàbí kí ọkàn rẹ̀ kú pátápátá, kí ó má mọ nǹkan kan lára. Ó gbà pé òun kò já mọ́ nǹkan, pé òun ni òun jẹ̀bi ohun tí wọ́n ṣe sí òun. Bẹ́ẹ̀ ni kò lè sún mọ́ ènìyàn pẹ́ títí. Bí ìfẹ́ bá ń wọlé, òun a máa wá ọ̀nà jáde.

Ní ti borderline, ọ̀pọ̀ nínú àwọn àmì wọ̀nyí ni yóò fara jọ ọ́. Ìyàtọ̀ tí àwọn onímọ̀ ń wò ni pé ẹni tí ó ní i ń bẹ̀rù gidigidi pé a ó fi òun sílẹ̀, yóò sì ṣe ohunkóhun kí a má baà lọ. Lónìí ìwọ ni ańgẹ́lì rẹ̀, lọ́la ìwọ ni ọ̀tá. Bí ó ṣe rí ara rẹ̀ náà kò dúró sójú kan. Ó sì lè máa ṣe ara rẹ̀ léṣe. Ti complex PTSD kì í yí bẹ́ẹ̀: ẹni náà rí ara rẹ̀ bí ohun tí kò níláárí ní àárọ̀, ní ọ̀sán àti ní alẹ́, jíjìnnà sí ènìyàn ni ó sì fi ń wá ààbò. Àwọn kan ní méjèèjì pọ̀. Ọ̀pọ̀ ẹni tí wọ́n pè ní borderline ni ìyà jẹ ní kékeré, ṣùgbọ́n kì í ṣe gbogbo wọn, nítorí pé àbímọ́ni náà ń kó ipa tirẹ̀.

N kò kọ èyí kí ẹnikẹ́ni máa fi dá ara rẹ̀ tàbí ìyàwó rẹ̀ lórúkọ nílé o. Mo kọ ọ́ kí ẹ lè mọ ohun tí ó yẹ kí ẹ sọ fún dókítà, kí ẹ sì má ṣe sá fún un bí orúkọ bá yí padà. Obìnrin ará Amẹ́ríkà kan wà tí ń jẹ́ Marsha Linehan. Nígbà tí ó wà ní ọmọ ọdún mẹ́tàdínlógún ní 1961, wọ́n gbà á sí ilé ìwòsàn ọpọlọ, schizophrenia ni wọ́n kọ sí i. Ó jáde, ó kàwé, ó di ọ̀jọ̀gbọ́n, òun ni ó sì ṣe ètò ìtọ́jú tí wọ́n ń lò jù fún borderline káàkiri ayé. Ní 2011 ni ó sọ ní gbangba pé òun náà ti jẹ́ aláìsàn rí, àti pé orúkọ tí wọ́n kọ sí òun kọ́ ni ó yẹ òun.

Bẹ́ẹ̀ ni mo ṣe dá ọkọ obìnrin wa lóhùn: kò sí ẹni tí ó purọ́ nínú wọn, ẹni tí ó béèrè jù ni ó mọ̀ jù.

Bí ẹ bá rò pé ọ̀rọ̀ ènìyàn kan péré ni mo fi ń kún ìwé ìròyìn, ẹ gbọ́ èyí. Ní 2014, àjọ tí ń ka iye ènìyàn ní Nàìjíríà pẹ̀lú UNICEF wádìí káàkiri orílẹ̀-èdè yìí. Nínú ọmọ mẹ́wàá, bí mẹ́fà ni ó ti rí ìwà ipá kan tàbí òmíràn kí wọ́n tó pé ọdún 18. Nínú ọmọbìnrin mẹ́rin, ọ̀kan ni wọ́n ti bá ṣe ìṣekúṣe. Nínú ọmọkùnrin mẹ́wàá, ọ̀kan. Ní Amẹ́ríkà, àwọn dókítà Felitti àti Anda gbé ìwádìí kan jáde ní 1998 lórí àwọn ènìyàn tí ó ju ẹgbẹ̀rún mẹ́sàn-án lọ. Wọ́n rí i pé bí ìyà ìgbà èwe ṣe pọ̀ tó ni ìbànújẹ́ ọkàn, ọtí àmujù, àìsàn ọkàn tí ń lù, àti ìgbìyànjú láti pa ara ẹni ṣe ń pọ̀ tó.

Àwa tí a wà ní ilẹ̀ Yewa kò sì lè ṣe bí ẹni pé a kò rí nǹkan. Ojú ọ̀nà ni a wà. Ní 2003, wọ́n kó àwọn ọmọ tí ó ju igba lọ kúrò níbi tí wọ́n ti ń fọ́ òkúta ní Abẹ́òkúta, wọ́n dá wọn padà sí ilẹ̀ Benin, ọ̀pọ̀ nínú wọn láti agbègbè Zakpota. Ààlà yìí náà ni wọ́n gbà wọlé. Àwọn ọmọ wa tí ń gbé ní bèbè ààlà ń gbọ́ ìró ìbọn kọ́sítọ́ọ̀mù àti àwọn onífàyàwọ́ lóru. Ní oṣù kejì 2021, nígbà tí wàhálà àgbẹ̀ àti darandaran gbóná ní Àríwá Yewa, àwọn ìdílé kan gbé ọmọ pọ̀n, wọ́n sá wọ Benin. Àwọn ọmọ tí wọ́n pọ̀n lọ ń bọ̀ wá di ìyàwó ilé àti baálé ilé.

Kì í ṣe gbogbo ọmọ tí ó jìyà ni yóò ní àìsàn yìí. Ohun tí ó ń gba ọ̀pọ̀ là ni ẹnì kan ṣoṣo, ìyá àgbà kan, olùkọ́ kan, tàbí ará ilé kejì kan, tí ó gbà wọ́n gbọ́ tí ó sì dúró tì wọ́n. Ẹ̀yin tí ẹ ń ka èyí lè jẹ́ ẹni náà fún ọmọ kan láìná kọ́bọ̀.

Àwọn kan yóò ní a ti fẹ́ fi ọgbọ́n òyìnbó ba ọmọ jẹ́, pé ṣé a kò gbọdọ̀ bá ọmọ wí mọ́ ni? Ẹ̀yin ará, àwọn baba wa ní bí a bá fi ọwọ́ kan bá ọmọ wí, kí a fi èkejì fà á mọ́ra. Ilé tí mo ń sọ̀rọ̀ rẹ̀ ni ilé tí ọwọ́ méjèèjì ń nà. Ìbáwí ní ìdí, ó sì ní òpin, ọmọ mọ̀ ọ́n. Ìyà tí kò ní ìdí tí kò sì ní òpin ni ó ń sọ ọdẹ di alaìjókòó. Ẹ̀yin tí ẹ sì ń gba ọmọ ọ̀dọ̀, mo bẹ̀ yín, ẹ wo ọmọ náà dáadáa ní alẹ́ òní. Níbo ni ó ń sùn? Ta ni ó ń sùn tì í? Ìgbà wo ni ó fojú kan àwọn ẹbí rẹ̀ kẹ́yìn?

Ní ti àwọn tí ó ti dàgbà pẹ̀lú ọgbẹ́ náà, ìròyìn ayọ̀ ni pé ó ṣe é wò. Kì í ṣe ọ̀rọ̀ oògùn nìkan, kò sì yá. Ìtọ́jú rẹ̀ a máa bẹ̀rẹ̀ láti ibi ààbò: kí ẹni náà kúrò lọ́wọ́ ẹni tí ń nà án, kí ó rí oorun sùn, kí ó kọ́ bí a ti ń mú ara balẹ̀. Lẹ́yìn èyí ni yóò máa sọ ìtàn náà díẹ̀díẹ̀ fún ẹni tí ó kọ́ṣẹ́ rẹ̀, títí ìrántí náà yóò fi di ìtàn lóòótọ́. Lẹ́yìn náà ni yóò tún padà sí àárín ènìyàn. Ẹ má ṣe fi ipá mú ẹnikẹ́ni sọ ọ́ ní gbọ̀ngàn ẹbí tàbí níwájú ìjọ. Mo ti rí ibi tí wọ́n ti ṣe bẹ́ẹ̀, ó sì burú ju wáyà lọ. Ẹ má sì ṣe ra Valium ní kẹ́mísítì fún un nítorí àìsùn. Ó máa ń mú ni sùn lóòótọ́, ṣùgbọ́n kì í wo ọgbẹ́ yìí sàn, ó sì máa ń di bárakú.

Bí ó bá ṣẹlẹ̀ pé ìrántí gbé ẹni yín lọ, ẹ má ṣe dì í mú, ẹ má ṣe gba ẹ̀yìn rẹ̀ lọ. Ẹ dúró níbi tí ojú rẹ̀ yóò ti rí yín. Ẹ pe orúkọ rẹ̀ jẹ́jẹ́, ẹ sọ fún un ibi tí ó wà àti ọjọ́ tí òní í ṣe. Ẹ ní kí ó tẹ ẹsẹ̀ mọ́lẹ̀, kí ó ka nǹkan márùn-ún tí ojú rẹ̀ rí. Omi tútù lọ́wọ́ náà dára. Bí ó bá sì ń sọ̀rọ̀ ikú, ẹ má ṣe fi í sílẹ̀ ní òun nìkan, ẹ gbé oògùn kòkòrò àti oògùn oko kúrò nílé, kí ẹ sì mú un lọ sí ilé ìwòsàn lọ́jọ́ náà gan-an.

Níbo ni a ń mú un lọ? Ẹ bẹ̀rẹ̀ láti ibùdó ìlera tí ó sún mọ́ yín, kí wọ́n kọ ìwé fún un lọ sí Aro. Mo mọ̀ pé orúkọ Aro ń ba àwọn ènìyàn lẹ́rù, wọ́n rò pé ilé ẹ̀wọ̀n àwọn wèrè ni. Wọn kò mọ̀ pé láti 1954 ni Dókítà Thomas Adéoyè Lambo, ọmọ Abẹ́òkúta, ti fi àwọn aláìsàn sí àárín àwọn ará abúlé tí ó yí ilé ìwòsàn náà ká. Nígbà náà, ìbátan kan a bá aláìsàn wá, a máa se oúnjẹ rẹ̀, wọn a máa gbé nínú ilé bí ẹni tí ó lọ sí àlejò, a sì máa gba ìtọ́jú lójúmọ́. Gbogbo ayé wá kọ́ ọgbọ́n yìí lọ́dọ̀ wa. Lambo mọ̀ pé ẹni tí ènìyàn ṣá lọ́gbẹ́, láàárín ènìyàn ni yóò ti sàn. Òfin tuntun náà ti wà: ní oṣù kìíní 2023 ni Ààrẹ fọwọ́ sí òfin ìlera ọpọlọ tí ó rọ́pò òfin wèrè ti ìgbà àwọn òyìnbó amúnisìn, ó sì fún aláìsàn ní ẹ̀tọ́ tirẹ̀. Nítorí náà, ẹni tí ó bá fẹ́ fi ṣẹ́kẹ́ṣẹkẹ̀ de ènìyàn mọ́ igi kí ó mọ̀ pé òfin kò sí lẹ́yìn òun.

Obìnrin tí mo fi ọ̀rọ̀ rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ṣì ń wá. Oṣù méjì méjì ni ó ń lọ rí dókítà rẹ̀, ọkọ rẹ̀ a sì máa bá a lọ. Kò tíì sàn tán. Ní ọdún tó kọjá ó tún kó ẹrù jáde lẹ́ẹ̀kan, ṣùgbọ́n ọ̀dọ̀ mi ni ó kó o wá, ó sùn, ó sì padà sílé ní ọjọ́ kejì. Nọ́ọ̀sì kékeré tí ó gbá létí ni ó ń kọ orúkọ rẹ̀ sínú ìwé nísinsìnyí, orúkọ rẹ̀ gan-an ni a sì ń pè é. A ti gbé bẹ́ǹṣì kan sí ẹ̀gbẹ́ ògiri, kí ẹni tí ó bá fẹ́ fẹ̀yìn ti nǹkan lè jókòó síbẹ̀. Ó yà mí lẹ́nu bí iye àwọn tí ń yan bẹ́ǹṣì náà ṣe pọ̀ tó.